Ó Ti Wọlé, Ṣé Ó Ti Tì?

Ẹ bá mi dúró sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù kan ní Odògúnyàn láàárọ̀ kùtùkùtù. Awakọ̀ ti wọ jíà ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ ti yí, ojú rẹ̀ wà nínú dígí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, ó ń fi ọwọ́ pè é: “Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ọ̀tún yín, ọ̀tún yín, díẹ̀ sí i, ó tó!” Irin kan irin, ó dún kó. Ọmọ iṣẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo pé: “Ọ̀gá, ó ti wọlé!” Ọ̀gá gbọ́, ó ju jíà sí kìn-ín-ní, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Gbólóhùn yẹn, “ó ti wọlé”, ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi píkọ́ọ̀pù fa ẹrù láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: míksà tí wọ́n fi ń po kọnkéré, jẹnẹrétọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà, tírélà tó ń kó àga àti kánópì lọ sóde, ọkọ̀ ojú omi onífáíbà. Nínú gbogbo ohun tó ti já sílẹ̀ lẹ́yìn mi, àti lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo bá wọn gbé e nílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irin rẹ̀ kán. Èyí tó pọ̀ jù, irin kò ṣe nǹkan kan. Ó wọlé ni, kò tì. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ilẹ̀kùn tó padé kì í ṣe ilẹ̀kùn tó tì, olè sì mọ èwo ni òun ń wá kiri.

Bí mo bá pe tírélà báyìí, ọkàn ará Èkó yóò lọ sórí ọkọ̀ gàgàrà oníkọ̀ńténà. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ. Èyí tí mò ń sọ ni tírélà kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí Hilux tàbí píkọ́ọ̀pù mìíràn ń fà lẹ́yìn. Ẹ máa ń rí wọn lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, pàápàá láti ìgbà tí ilé kíkọ́ ti gba gbogbo apá Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ibi tí ilé bá ti ń dìde, míksà yóò débẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì fà á lọ.

Ọdún kejì tí mo dá dúró ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Míksà ni mo fà, mò ń lọ sí Agbowá. A ti kọjá Adámọ̀, Ìmọ̀tà kò jìnnà mọ́. Mo gun bọ́ńpù kan, kò ga, n kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì púpọ̀. Ọkọ̀ mi fẹ́rẹ́ lójijì, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Mo wo dígí, mo rí míksà tí ń lọ ní tirẹ̀ lápá ọ̀tún, imú rẹ̀ ń wọ́ títì, iná ń ta lára irin, ó sì wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni, ó kọjá sódì kejì láti lọ ṣẹ́ owó. Àga rẹ̀ ni míksà náà gùn mọ́lẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ìyá náà kò bínú sí mi, òun ló tún wá omi fún mi mu. Títí di òní, bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń rọra lọ.

Nígbà tí ara balẹ̀, mo bi ọmọ tó wà pẹ̀lú mi pé, “Ṣé o tì í?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín pé ó ti wọlé.” Òótọ́ ló sọ. Kò sọ fún mi pé ó ti tì. Òun rò pé èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ni màá sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Èmi rò pé òun tó wà nídìí ẹ̀ ti tì í. Àárín èmi àti òun ni míksà ti já. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí kì í gbé nínú irin. Àárín ènìyàn méjì ló ń gbé, níbi tí oníkálukú ti rò pé ẹnì kejì ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n irin náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, n kò ní fojú fò ó.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìyẹn orí irin roboto tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, tí ẹnu tírélà máa ń bò mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn jọra lójú, wọn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá máa ń jẹ́ íǹṣì 1⅞, tàbí íǹṣì 2, tàbí íǹṣì 2 àti 5/16. Èyí tó bá ti Yúróòpù wá, mìlímítà 50 ni. Àwa tí a ń ra tòkunbọ̀, gbogbo wọn ló ń bá wa. Ọkùnrin kan lè ra píkọ́ọ̀pù tó ti Amẹ́ríkà dé, kó ra tírélà tó ti Jámánì dé, kó ní kí wẹ́dà bá òun so wọ́n pọ̀. Íǹṣì 2 jẹ́ mìlímítà 50.8. Ẹnu tí wọ́n ṣe fún mìlímítà 50 yóò há lórí rẹ̀, yóò máa lọ̀ ọ́, ẹlòmíràn á sì fi òòlù gbá a títí yóò fi wọlé. Ìyẹn ṣì dára ju èkejì lọ. Èkejì ni kí bọ́ọ̀lù íǹṣì 2 wà nínú ẹnu tí wọ́n ṣe fún íǹṣì 2 àti 5/16. Ìyẹn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ọwọ́ ìtì rẹ̀ padé wẹ́rẹ́, yóò sì bá yín rìn kìlómítà mẹ́wàá lójú ọ̀dà tó tẹ́jú láìsọ nǹkan kan. Kòtò àkọ́kọ́ tó bá jin díẹ̀ ni yóò gbé ẹnu náà sókè, yóò sì fò kúrò. Iye tí mo ti rí tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kọjá kíkà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n bọ́ọ̀lù sí orí rẹ̀ gan-an, wọ́n sì máa ń tẹ ti ẹnu tírélà sí ara rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ìpáàrà rẹ̀ kúrò, ẹ kà á. Bí ìpáàrà bá ti jẹ nọ́ńbà náà, ẹ wọ̀n ọ́n.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa kò tilẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Irin oníhò méjì ni, wọ́n á kó wọn lé ara wọn, wọ́n á ki píìnì bọ àárín. Iṣẹ́ tó dára ni tí ẹni tó ṣe é bá mọ ohun tó ń ṣe. Píìnì náà gbọ́dọ̀ ní kọ́tà-píìnì nísàlẹ̀, èyí tí kò ní jẹ́ kó fò jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ìyẹn kékeré náà ló máa ń sọnù. Wọ́n á wá fi ìṣó dípò rẹ̀, tàbí wáyà, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ pé píìnì náà wúwo, kò lè lọ sí ibì kankan. Ó lè lọ. Ọ̀nà Ìtòìkín yóò gbọ̀n ọ́n jáde láìpẹ́. Mo máa ń so kọ́tà-píìnì mẹ́fà mọ́ okùn kan nínú ọkọ̀ mi, bí obìnrin ṣe ń fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sétí gèlè. Owó rẹ̀ kò tó owó omi inú ike kan.

Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ńkọ́? Bọ́ńpà ẹ̀yìn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń so ẹrù mọ́. Ṣasí ni. Bọ́ńpà kàn wà láti gba ìkọlù díẹ̀ ni. Bí wẹ́dà bá bá yín lu ihò sí bọ́ńpà, tó ní ó ti le, ẹ bi í pé bóòtù mélòó ló gbé bọ́ńpà náà fúnra rẹ̀ dúró.

Bí ó bá ti wọlé, báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tì? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń gbá a lẹ́sẹ̀ ni. Gbígbá lẹ́sẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ni. Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mo tẹ ọwọ́ ìtì mọ́lẹ̀, mo ki píìnì rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo wá kúnlẹ̀, mo tan iná, mo wo abẹ́: irin ìdìmú inú ẹnu náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, kó gbá a mú nísàlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i tó jókòó sórí bọ́ọ̀lù tàbí síwájú rẹ̀, tí ọwọ́ òkè sì padé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo ń lo jáàkì imú tírélà. Mo yí i sókè, bí ẹni tó fẹ́ gbé imú náà kúrò. Bí ó bá tì, ìdí píkọ́ọ̀pù yóò bá a dìde. Ẹ ó fojú rí i tí ẹ̀yìn Hilux ga sókè díẹ̀. Bí imú tírélà bá dá dìde, tí ọkọ̀ kò bá a lọ, inú ọgbà ni ẹ ti mọ̀, kì í ṣe nínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má gbàgbé láti yí jáàkì padà sókè pátápátá kí ẹ tó gbéra, nítorí mo ti rí jáàkì tí bọ́ńpù ká dà sẹ́yìn bí ìka.

Ọ̀rọ̀ ṣéènì tó so tírélà mọ́ ọkọ̀ kò gùn. Méjì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́ imú tírélà kọjá lórí ara wọn, ti òsì sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹnu bá bọ́ lọ́jọ́ kan, orí wọn ni imú yóò bà lé, bí ọmọ tó bọ́ sọ́wọ́ ìyá, kò ní fi imú gún títì. Kí wọ́n gùn tó láti yí kọ́nà, kí wọ́n má wọ́ nílẹ̀. Ibi tí ẹ bá kọ́ wọn sí kò gbọdọ̀ jẹ́ píìnì kan náà tó so tírélà, nítorí bí píìnì yẹn bá lọ, ó kó gbogbo wọn lọ. Okùn ọ̀rá kì í ṣe ṣéènì. Iná ẹ̀yìn àti tíráfíkétọ̀ tírélà, ẹ so wáyà wọn, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wò wọ́n kí ẹ tó kúrò. Ní alẹ́ láàárín Ìmọ̀tà àti Ìtòìkín, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lórí ọ̀kadà kò ní ohun mìíràn tó lè fi mọ̀ pé irin ń bẹ níwájú òun.

Ìwúwo imú tírélà ni ọ̀pọ̀ kì í bá mi gbà. Wọ́n máa ń fẹ́ kí imú fúyẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ó dùn mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n tírélà tí imú rẹ̀ fúyẹ́ jù yóò máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú àwọ̀n. Bí tírélà àti ẹrù inú rẹ̀ bá tó kílò 1,000, ó yẹ kí imú náà tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ohun tó tó kílò 100 sí 150. Àpò sìmẹ́ńtì méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Nítorí náà, ẹrù tó wúwo jù kì í lọ sí ìdí, iwájú àgbá ẹsẹ̀ ni kó wà, díẹ̀ sí imú. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì sáré sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sítiá mú ṣinṣin, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọ̀.

Títú ni mo fẹ́ kí á wá sọ. Níbi síso, gbogbo ènìyàn máa ń ṣọ́ra nítorí ọ̀nà ṣì wà níwájú. Nígbà tí a bá dé, ó ti rẹ̀ wá, ebi ń pa wá, onílé ń pariwo pé a pẹ́, a ó kàn fẹ́ tú u ká máa lọ. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń ṣèṣe.

Ní ibi ìkọ́lé kan lápá Ẹ̀pẹ́, a kó táìlì dé. Àwọn lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan pè mí láti wá gba owó. Kí n tó padà dé, ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ ràn mí lọ́wọ́: ó tẹ̀ síwájú imú, ó gbé ọwọ́ ìtì sókè. Gbogbo ẹrù tó kù, ìdí ló wà. Imú náà ta sókè bí ìgbà tí ènìyàn dìde lẹ́yìn ọmọdé lórí jangirọ́fà, ó bá a ní àgbọ̀n. Eyín rẹ̀ méjì lọ. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ọ̀fun. Ilé ìwòsàn ni a sùn. Mo máa ń rí àpá yẹn nígbà tó bá rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, a kì í já ẹrù lórí tírélà tí a ti tú, a kì í sì tú tírélà tí wọ́n ti já ẹrù rẹ̀ dé àárín. Ẹni tó ń tú u kì í dúró síwájú imú, kì í na ọrùn sórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń kàn ni wẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ọwọ́ ìtì. Àwọn bàbá wa tó ń wa bọ́lẹ̀kájà mọ iyì wẹ́ẹ̀jì: ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fò sílẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Àwa ti sọ ọ́ nù, a ń wá òkúta kiri. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà, lọ́tùn-ún àti lósì, torí ilẹ̀ tó tẹ́jú lójú kì í sábà tẹ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni jáàkì. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ létí omi rọ̀, yanrìn Ìjẹ̀dẹ̀ kì í gbé irin. Ẹ fi pákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó bá imú tírélà nínú ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ má fà á já. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìtì, ẹ gbé imú sókè kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Ṣéènì ni mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn, nígbà tí imú bá ti dúró lórí jáàkì tí kò mì. Bí mo bá sì wa ọkọ̀ síwájú, ìwọ̀n apá kan ni mo ń lọ, mo dúró, mo sọ̀, mo wò ó.

Àwọn tó ń fa ọkọ̀ ojú omi ní wàhálà kan lórí èyí. Ní Báyékù, mo rí ọkùnrin kan tó tú tírélà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí omi, ó fẹ́ fi ọwọ́ tì í wọlé. Omi kò dá a padà títí di ọjọ́ kejì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má tú u láé. Ohun kejì ni pé ẹ má fi àgbá ẹsẹ̀ tírélà tó ṣì gbóná wọ inú omi. Tí ẹ bá fà á láti Ìkòròdú dé etí omi, bẹ́ríìnì inú rẹ̀ ti gbóná. Bí omi tútù bá kàn án, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò súnkì, yóò sì fa omi wọlé bá gíríìsì. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, kí ó tutù. Lápá ọ̀sà Èkó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń wọ inú omi náà, nítorí náà ìpáàrà ń yára jẹ irin ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ, níbi tí omi kò ti ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi kànga ṣan bọ́ọ̀lù, ẹnu àti ṣéènì, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, inú gbogbo àwa tí à ń na ọ̀nà yìí dùn, torí oṣù náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ti Ìmọ̀tà, iṣẹ́ ń bọ̀. Oṣù kan náà, lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ Àìkú, kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 ṣubú lu bọ́ọ̀sì kan ní Ojúẹlẹ́gba. Ènìyàn 9 ló kú. Iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n n kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Mo mọ bí ohun tó ń de kọ̀ńténà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe kéré tó: irin mẹ́rin ní igun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ènìyàn kan ló sì ní láti yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ro ti ìyá alágbàdo.

Òfin tí mo wá ṣe fún ara mi àti fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ síso ni yóò parí rẹ̀, láti bọ́ọ̀lù dé iná. Bí fóònù bá dún láàárín rẹ̀, kó máa dún. Bí oníbàárà bá pè é, kó ní òun ń bọ̀. Bí ó bá di dandan kó fi í sílẹ̀, kó tú gbogbo rẹ̀ padà, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dé. Wọ́n máa ń sọ pé ó le jù. Èmi gan-an, mo máa ń wo iṣẹ́ tí wọ́n bá parí. A sì fi òfin de “ó ti wọlé” nínú ọgbà wa. Ẹni tó bá ní nǹkan láti sọ, kó sọ pé “ó ti tì”, bó bá ti fi jáàkì dán an wò tán.

Nígbà ọdún Káyọ̀káyọ̀ tó kọjá, tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1851, mo wà ní Ẹ̀pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí ọmọ tí imú tírélà bá ní àgbọ̀n yẹn. Ó ti ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ báyìí, ó wá kó àga àti kánópì tí wọ́n fi ṣe òde. Aṣọ funfun ló wọ̀, òun náà ti bá wọn jẹun. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é wọlé, irin kan irin, ọmọ náà ní, “Ọ̀gá, ó ti wọlé!” Kò dá a lóhùn. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi funfun náà kúnlẹ̀ sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó tan iná fóònù, ó wo abẹ́. Ó yí jáàkì títí ìdí Hilux fi dìde. Ìgbà tó ń gbọn orúnkún rẹ̀ ló gbójú sókè tó rí mi, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde kó máa lọ, torí ilẹ̀ ti ń ṣú, kòtò sì pọ̀ lápá Ìtòìkín.